Ẹrù Àbíjàn lórí kẹ̀kẹ́ mi

Mi ò tíì kúrò l'Éjìgbò, kẹ̀kẹ́ mi ti kún.

Èmi àti Làmídì ọ̀rẹ́ mi la fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àbíjàn lẹ́yìn Iléyá. Ọ̀nà oko la fẹ́ máa gbà, ká sì máa sùn níbi tílẹ̀ bá ti ṣú. Aṣọ ìpààrọ̀, omi àti páǹpù nìkan la fẹ́ gbé.

Àfi kí Làmídì, tí kì í lè pẹnu mọ́, lọ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí láàárọ̀ yìí. Ẹ kúkú mọ ìlú wa, kò sí ilé tí kò lọ́mọ l'Ábíjàn. Ẹni tó bá ń lọ sí Àbíjàn, ẹrù gbogbo àdúgbò ló ń gbé lọ.

Kó tó di ọ̀sán, Àlàájà ẹ̀yìnkùlé wa ti gbé èlùbọ́ ọmọ wọn dé.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kẹ̀kẹ́ la máa gùn, kì í ṣe mọ́tò."

Wọ́n wo kẹ̀kẹ́ náà. "Ṣé kò ní káríà ni?"

Mo gbà á. Ẹlòmíì tún gbé ẹ̀gúsí wá. Ẹlòmíì gbé irú.

Ìyá mi jókòó, wọ́n ń wò wá. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí ni wọn ò ti dá sí mi mọ́. Wọ́n ní ojú ọ̀nà ni mo fẹ́ lọ kú sí. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìgò epo pupa kan jáde.

"Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Máa rọra gùn ún, kó má fọ́."

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé ẹ̀yin lè sọ fún wọn pé káríà ti kún?