Lẹ́tà tó ń bá ọkọ̀ Ìlọrin lọ bọ̀

Bàálù kan kọjá lórí ilé wa ní Ìkòsí láàárọ̀ yìí, ó wálẹ̀ débi pé páànù òrùlé ń gbọ̀n. Ọmọ ọmọ mi gbójú sókè kúrò nínú fóònù rẹ̀, ó ní, "Grandma, Lagos sí Ìlọrin by air ò tó wákàtí kan o! Ti road ni kì í tán." Mo ní mo ti gbọ́. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọmọ tí mi ò gbà gbọ́.

Dẹ́rẹ́bà ni bàbá mi, gáréèjì Kétu ni wọ́n ti ń kó èrò lọ sí Ìlọrin. Nílé wa, a kì í fi máìlì wọn ọ̀nà, oúnjẹ la fi ń wọ̀n ọ́n. Bàbá mi á mu ẹ̀kọ n'Íbàdàn, wọ́n á jẹ ìrẹsì l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n á ra máńgòrò fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á tún jẹun lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀nà á sì gùn sí i.

Sìdí ni ọ̀rẹ́ mi. Ilé kejì sí tiwa ni wọ́n ń gbé, àga kan náà la jọ ń jókòó sí nílé ìwé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Ìlọrin lẹ́nu iṣẹ́, ó sọ fún gbogbo wa pé bàálù làwọn máa wọ̀, pé àwọn ò ní í pẹ́ débẹ̀ rárá. Èmi ọmọ dẹ́rẹ́bà, mo kọ̀ jálẹ̀. Mo bi í pé níbo ni bàálù náà ti máa dúró jẹun. Ó ní kì í dúró, kì í tilẹ̀ yà ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Irọ́ lò ń pa!" ni mo pariwo. Bí àwọn tó kù ṣe gbà á lẹ́nu mi nìyẹn: Sìdí òpùrọ́, Sìdí òpùrọ́, fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni mò ń lé orin náà, àwọn ni wọ́n ń gbè é.

Láàárọ̀ Sátidé, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo wá bi bàbá mi bóyá lóòótọ́ ni bàálù kì í yà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Òkè ló ń gbà. Kí ló ń wá lọ sí gáréèjì?" Ojú tì mí, ó sì dùn mí gan-an. Mo kọ lẹ́tà, mo bẹ Sìdí pé kó dárí jì mí, mo kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́tà náà, mo fún bàbá mi.

Bí a ṣe ń fi nǹkan ránṣẹ́ nìyẹn: dẹ́rẹ́bà á gbé e dé gáréèjì lọ́hùn-ún, ẹni tó ni ín á wá gbà á. Ẹni tó bá ní ará l'Ékòó kì í pẹ́ yà síbẹ̀ wò bóyá nǹkan òun ti dé, àfi ẹni tó bá wọ bàálù dé, tí kò mọ ọ̀nà gáréèjì. Èmi tí mo mọ ọ̀nà Ìlọrin ju gbogbo ọmọ Ìkòsí lọ ò rò ó débẹ̀. Lẹ́tà náà bá bàbá mi lọ, ó bá wọn bọ̀, bí ìgbà mẹ́fà tàbí méje, títí epo ọkọ̀ fi pa orúkọ náà rẹ́. Wọ́n wá dá a padà fún mi. "Ọ̀rẹ́ ẹ ò wá o," ni wọ́n wí.

Fóònù ti dé báyìí, kò sẹ́ni tó ń fi lẹ́tà rán dẹ́rẹ́bà mọ́. Síbẹ̀, ẹrù ṣì ń ti Kétu lọ, àwọn èèyàn ṣì ń dúró dè é ní gáréèjì.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ mi fi bàálù gbé mi lọ síbi ìgbéyàwó n'Ílọrin. Mo ń wo aago títí. Obìnrin tó jókòó tì mí béèrè pé, "Mummy, ṣé ẹ̀rù ló ń pa yín lẹ́kún?" Mo ní rárá. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo pe ọmọ kan ní òpùrọ́ nígbà kan, ṣùgbọ́n a ti balẹ̀.