Alága Ló Sọ̀rọ̀ Kẹ́yìn

Alága ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ní ìpàdé wa lónìí, ilé ò sì wó!

Ẹgbẹ́ káfíńtà Òkè-Ìlá ni mò ń wí, èmi ni akọ̀wé. Látọjọ́ tá a ti dá a sílẹ̀, Bàbá Alága ní í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tó bá ti sọ ọ́, ó tán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ra pákó tá a fẹ́ fi kan bọ́dì lọ́rì jọ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló wà dòní, torí bọ́ọ̀sì onírin làwọn onímọ́tò ń rà báyìí, wọn ò fẹ́ bọ́dì onípákó mọ́. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá ti sọ fún mi pé ká tún ra òmíràn!

Inú bí mi. Mo dìde.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin wá kádìí ọ̀rọ̀ nílẹ̀."

Igbákejì ẹ̀ pariwo: "Ràsákì! Ṣé o fẹ́ kọ́ àgbà lọ́rọ̀ sísọ ni?"

Mo ní, "Rárá o. Láàfin, ta ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Ṣé kì í ṣe ọba ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó tún fìlà ṣe. "Ó dáa. Ẹ sọ̀rọ̀."

Fẹ́mi ará Ìyìn, tó wọ ẹgbẹ́ kẹ́yìn, ní, "Látìgbà tílé-ìwé ti dọ̀fẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju àga lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ làwọn ọmọ mi ń jókòó sí ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ ká kan bẹ́ǹṣì fún ilé-ìwé."

Ẹni tó tẹ̀ lé e ní bẹ́ǹṣì. Gbogbo wọn ní bẹ́ǹṣì. Ẹnì kan ò dárúkọ lọ́rì.

Ó kan Bàbá. Ó ní,

"Ohun tó wà níkùn yín rèé, tẹ́ ẹ ń wí fún mi pé 'bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá'? Ó yá, ẹ lọ kó pákó jáde lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù akọ̀wé. Bẹ́ǹṣì ni!"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nínú ẹgbẹ́ tiyín, ta ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ dá mi lóhùn!