Ebè Àkọ́kọ́ Lórí Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ha Lọ

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, oko iṣu ni mo fọkàn sí, lórí ilẹ̀ ẹbí wa ní Ìta-Ògbólú. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá kòtò. Àwọn onítípà ti ha gbogbo yẹ̀pẹ̀ dúdú ojú ilẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Àkúrẹ́. Ilẹ̀ pupa olókùúta ló kù. Inú bí mi gidigidi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí, ló tà á: bàbá tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ilẹ̀ wa! Mo bi wọ́n léèrè. Ara wọn balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, wọ́n fi ẹ̀ka-èdè wa, tó ń pe ilẹ̀ ní ulẹ̀, dá mi lóhùn:

“Ṣé ulẹ̀ ni mo tà ni? Yẹ̀pẹ̀ ni. Lọ wo pèrègún ààlà, ọ̀kan ò yẹ̀.”

Òótọ́ ni, ọ̀kan ò yẹ̀. Mo gba ọ́fíìsì ìjọba lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ ní òfin wà: ẹni tó bá fẹ́ kó yẹ̀pẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, kó sì tún ilẹ̀ ṣe padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí ni kó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbínú. Síbẹ̀ mo gba fọ́ọ̀mù náà, mo fi sínú báàgì, mo dúró de àsìkò iṣu.

Nínú ẹbí wa, ẹnikẹ́ni kì í gbin iṣu kí olórí ẹbí tó kọ ebè àkọ́kọ́. Nígbà tí àsìkò tó, mo kó gbogbo ilé lọ sínú kòtò yẹn, mo sì gbé ọkọ́ lé bàbá olórí ẹbí lọ́wọ́. Wọ́n ṣá ilẹ̀, ọkọ́ dún lórí òkúta. Wọ́n sún síwájú, wọ́n tún ṣá a. Níkẹyìn wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ ha ilẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kó jọ ò bo ẹ̀bù iṣu kan mọ́lẹ̀. Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n n kò gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn.

“Ulẹ̀ ti lọ,” ni wọ́n wí.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, èmi àti bàbá jọ lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn síbi olùfisùn. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ẹni tó ta yẹ̀pẹ̀ náà, mo dá bírò dúró.

“Kọ orúkọ mi síbẹ̀ náà,” ni wọ́n wí, wọ́n sì na àtàǹpàkò wọn sí akọ̀wé láti tẹ̀ka.