Kóró Ọ̀gànwó Tí A Sá Pa

Àga, ibùsùn àti ilẹ̀kùn tí mo ti fi ọ̀gànwó ṣe kò níye, ṣùgbọ́n mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó rí kóró rẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, ní sọ́ọ̀bù mi ní Iyana-Iba. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló gbé e wá láti ìlú wọn ní ìhà Ìjẹ̀bú. Ojú wọn ti ń ṣú nígbà náà; ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá àga kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n tú aṣọ lórí èso líle kan tó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé. Ó ti là sí mẹ́rin, kóró pẹlẹbẹ sì tò sínú rẹ̀ bí ewé ìwé.

"Igi tí mo ti gé láyé mi pọ̀," ni wọ́n wí. "Bá mi gbin èyí kí ó hù, ì báà jẹ́ ẹyọ kan. Mo fẹ́ rí i kí ojú yìí tó lọ tán."

Inú mi dùn débi pé n kò rántí oúnjẹ ọ̀sán. Èmi tí n kò gbin ẹ̀fọ́ rí!

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni àwa méjèèjì, a kò sì fẹ́ràn ohun tútù. Pákó tí a kò bá sá, yóò wọ́, yóò dójú ti ẹni tó fi ṣe ilẹ̀kùn. Tọ̀gá tọmọṣẹ́ bá forí korí, a sá àwọn kóró náà sórí páànù, lẹ́yìn náà mo kó wọn sí òkè àjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ọ̀gá a máa wá, wọn a gbọn díẹ̀ létí, wọn a ní, "Wọ́n ń gbẹ dáadáa." Inú wa a sì máa dùn.

Nígbà tí òjò dé, mo gbìn wọ́n sínú agolo mílíìkì tí mo fi ìṣó lu nídìí. Mo bomi rin wọ́n fún oṣù kan àbọ̀, koríko lásán ló hù. Mo wú kóró kan jáde, mo fọ́ ọ. Inú rẹ̀ ti dúdú, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.

Ìyàwó mi, ọmọ olóko obì, ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Okokomaiko.

"Bàbá Ìbejì, ta ló sọ fún yín pé wọ́n ń sá obì kí wọ́n tó gbìn ín?"

"Ọ̀gànwó ni, kì í ṣe obì."

"Igi igbó kan náà ni. Bó bá ṣe ń já ni wọ́n ń gbìn ín. Ẹ ti sá a pa."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín náà sì ran èmi pẹ̀lú. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n kàn ní ojú àwọn kò ní dúró dè wá.

Nígbà tí ọ̀gànwó tún so, mo ti ilẹ̀kùn sọ́ọ̀bù, mo wọ mọ́tò lọ sí ìlú ọ̀gá. Mo ṣa kóró nídìí igi láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti ń gbìn ín ní Okokomaiko. Ìyàwó mi ló ń pàṣẹ: ilẹ̀ dúdú, iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lórí, imọ̀ ọ̀pẹ fún ibòji, omi níwọ̀nba. Láti ọjọ́ náà, mo ń lọ yẹ agolo wò kí n tó fọ ẹnu.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ilẹ̀ inú agolo kan sán, ọ̀mùnú pupa kan yọrí. Mo kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi gbé igi sáré wá, wọ́n rò pé ejò ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mọ́kànlá ti hù. Mo ń ka wọ́n, mo tún ń ka wọ́n.

Mo dúró kí ewé wọn là, mo wá gbé ọ̀kan lé itan nínú mọ́tò lọ bá ọ̀gá nílé wọn ní Ijanikin. Ojú wọn ti lọ tán. Ọdún kan tí a fi ṣòfò ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i. Ó dùn mí wọra.

Mo fa ọwọ́ wọn lé e. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ láti ìdí dé orí, wọ́n rọra di ewé rẹ̀ mú, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kó má ṣẹ́.

"Bó ṣe kéré tó nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Àádọ́ta ọdún ni mo fi gé e," ni wọ́n wí, "n kò mọ̀ pé ó máa ń kéré báyìí."

Omi bọ́ lójú wọn. Wọn kò gbé agolo náà sílẹ̀ títí mo fi lọ.