Eérú Tí Bastiana Kò Gbá

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni Bastiana Calmo ti ń ṣe oko kọfí lórí òkè, ní agbègbè Huehuetenango ní ilẹ̀ Guatemala, kò sì tíì já èso àkọ́kọ́ rí láìkọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìkórè bá bẹ̀rẹ̀, yóò mú àbẹ́là méjì àti ẹ̀kúnwọ́ pom, oje igi tí èéfín rẹ̀ máa ń ta sánsán, lọ sídìí igi ìbòòji tó dàgbà jù nínú oko. Yóò dáná sí i, yóò dárúkọ ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò so agbọ̀n mọ́ ìbàdí. Eérú yẹn, ẹnikẹ́ni kì í gbá a títí ìkórè yóò fi parí. Bí àwọn Mam, ìran tirẹ̀, ṣe ń ṣe é nìyẹn kí òǹtẹ̀ tó dé.

Ẹgbẹ́ Ewé Mẹ́ta ló mú òǹtẹ̀ náà, àwòrán ewé mẹ́ta tó ń jẹ́rìí pé oko kọfí pa òfin wọn mọ́, dé láti òkè òkun. Wọn kì í ṣe ìjọba, wọn kì í ṣe oníṣòwò, wọn kò sì gbin igi kọfí kan ṣoṣo rí láyé wọn. Síbẹ̀, bí ewé mẹ́ta wọn kò bá sí lára àpò, àwọn olùrà lọ́hùn-ún kò ní yà á wò. Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ta ló fi wọ́n jẹ olóyè ọjà. Ogójì ilé ló wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí Bastiana wà, bí ilé kan bá sì rú òfin wọn, gbogbo ogójì ni yóò pàdánù òǹtẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ìkórè ni Ẹgbẹ́ Ewé Mẹ́ta rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Estuardo wá láti olú-ìlú láti yẹ oko wò. Bàtà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú páálí. Ó dúró lórí eérú náà.

"Màmá, kí lẹ sun níbí?"

"Pom ni."

"Ìdọ̀tí ni mo máa kọ o. Èèwọ̀ ni kéèyàn sun ìdọ̀tí nínú oko."

"Ìdọ̀tí bàbá ta ni? Ọmọ ilẹ̀ yìí ni ẹ́, ṣé o ò gbóòórùn pom rí ni?"

Estuardo wolẹ̀. "Ìyá mi àgbà máa ń sun ún, màmá. Ṣùgbọ́n ohun méjì péré ló wà nínú ìwé yìí: ó sun ìdọ̀tí, kò sun ìdọ̀tí. Wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún àdúrà."

"Ta ló kọ ìwé náà?"

"Àwọn tó wà lọ́hùn-ún."

Bastiana wọlé, ó sì mú àpò kọfí kan jáde, èyí tí Odilia ọmọ rẹ̀ tó ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan ní Boston fi ránṣẹ́. Àwòrán Bastiana fúnra rẹ̀ ló wà níwájú àpò, ó kúnlẹ̀ sábẹ́ igi yẹn gan-an, èéfín yí i ká, ewé mẹ́ta sì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

"Ayàwòrán yín ló yà á. Ó ní kí n tún un sun lẹ́ẹ̀kejì, pé èéfín àkọ́kọ́ ò pọ̀ tó. Tó bá wà lára àpò, ẹ̀ ń fi polówó. Tó bá wà lábẹ́ igi mi, ó di ìdọ̀tí."

"Ẹ̀ka tó ń polówó yàtọ̀ sí tiwa, màmá," ni Estuardo wí, ó sì fa ilà sí "ó sun ìdọ̀tí" nínú ìwé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Fermín, àbúrò ọkọ rẹ̀ olóògbé, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, gbé ìwé mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olóǹtẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ka síbí pé ẹ ò ní ṣe é mọ́."

"Fermín, ta ló yàn wọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó yàn wọ́n. Àwọn ló sáà ni òǹtẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ yàn mí."

"Kí ló wá dé tó o fi ń jíṣẹ́ wọn fún mi?"

Fermín rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbogbo wa là ń sun ún, ẹ̀gbọ́n. Àwa gbá eérú tiwa dà sódò kí wọ́n tó dé. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbá tiyín."

"O gbá a kí ìkórè tó parí?"

Fermín kàn na kálàmù sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bastiana ju ti Estuardo lọ. Ilé mọ́kàndínlógójì ń fi ọ̀rọ̀ òkè pa mọ́ bí ẹni jalè, nítorí àwọn tí kò mọ ọ̀nà abúlé wọn. Ó fi àáké kọ́rí, kò tẹ̀ka. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́, òǹtẹ̀ sì dúró fún àwọn tó kù. Láti ìgbà náà, àwọn alágbàtà ẹ̀bá ọ̀nà ló ń ra kọfí rẹ̀, tí wọ́n ń fọwọ́ tú u bíi pé ó ti bu.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìkórè ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, Odilia tún fi àpò kan ránṣẹ́. Tuntun ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Ojú Bastiana ṣì wà níwájú rẹ̀, èéfín yẹn kò sì kúrò níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, ó tan àbẹ́là méjì, ó sun pom, ó dárúkọ ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rìn jìnnà sí igi náà dé ẹ̀gbẹ́ oko, ó gbé àpò náà sílẹ̀, ó sì ṣáná sí i. Ìdọ̀tí àkọ́kọ́ tí yóò sun nínú oko yẹn nìyẹn.