Apá Tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Fi Pamọ́

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ọ̀jọ́ níbí, kí ọyẹ́ tó dé ni ara mi ti máa ń sọ fún mi pé ó ń bọ̀. Inú ìgbọ̀nwọ́ mi àti ẹ̀yìn orúnkún mi á kọ́kọ́ gbẹ, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, yíyún tí kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́. Tí mo bá họ ọ́, á bó. Tó bá bó, á máa ta mí bíi pé wọ́n bu ata sí i. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi ìpara olóòórùn dídùn para láàárọ̀ lálẹ́, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ á rọlẹ̀ bíi pé kò sóhun tó ṣe mí rí.

Kúrúnà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wọ́n ní ọmọ ọ̀bùn ni kúrúnà ń mú, ìyá mi kò sì lè gbọ́ kí wọ́n pe ọmọ wọn ní ọ̀bùn. Ní ìdájí, omi gbígbóná oníyọ̀, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn tuntun. Wọ́n á gbá mi lápá mú, wọ́n á máa fi kànìnkànìn ha mí lára, èmi á máa ké. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ló ń bó tó, bó sì ṣe ń bó tó ni wọ́n ń rò pé ìdọ̀tí ṣì kù níbẹ̀.

Ọdún tí mo wà ní ìwé mẹ́fà ló wá burú jù. Ọ̀gá ilé-ìwé wa rí ọrùn mi níbi tí a tò sí láàárọ̀, wọ́n pè mí jáde níwájú gbogbo ọmọ, wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n má padà wá títí ara mi á fi dán. Háà! Mo rò pé etí mi ni kò gbọ́ dáadáa. Ọmọ tí a jọ ń jókòó, tí a jọ ń jẹ ẹ̀kọ nínú ewé kan náà, ó yáa nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ìdánwò sì ti dé tán. Bàbá mi ní tí mo bá pàdánù ìdánwò yẹn, ìwé ti parí nìyẹn, kí n wá máa bá ìyá mi yan ẹja.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi fi gbogbo ìbínú wọn lé kànìnkànìn lọ́wọ́. Ẹnu ẹ̀ la wà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fi wọlé láti Ìbà. Ìyá yìí ń dá gbé ni, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí ẹ̀ fún àwa ọmọdé. Bùbá tí apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń wọ̀, ì báà jẹ́ inú ooru, àwa sì rò pé fáàrí ni. Wọ́n gbọ́ igbe mi, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wá, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lára kànìnkànìn, wọ́n já a gbà.

“Ìyàwó, ṣé ìkòkò lo ń fọ̀ ni àbí ọmọ?”

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kúrúnà ni o. Wọ́n ti lé e nílé-ìwé.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kàn ká apá bùbá wọn sókè. Yéè! Ara tèmi ni mo rí níbẹ̀, inú ìgbọ̀nwọ́ tó nípọn, tó dúdú, tí ojú ìhọra kún ibẹ̀. Ìyá mi káwọ́ lérí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé ọkọ, wọn ò rí apá yẹn rí.

“Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. “Ìdílé wa ló ti wá. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó ẹrù mi síta nílé ọkọ. Wọ́n ní mo fẹ́ fi kúrúnà ran gbogbo ilé.”

Ẹnu yà mí débi pé mo gbàgbé pé ara ń ta mí.

Obìnrin Ẹ̀gùn kan tó ń se àdí àgbọn, aládùúgbò wọn ní Ìbà, ló kọ́ wọn ní ìtọ́jú rẹ̀, àwọn náà sì kọ́ ìyá mi. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kì í ṣe gbígbóná, kéèyàn má sì pẹ́ nínú ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni kí wọ́n fi wẹ̀ mí. Kí omi tó gbẹ lára mi ni kí wọ́n ti fi àdí àgbọn pa á. Kí wọ́n gé èékánná mi, kí aṣọ òwú tó ti rọ̀ wà lábẹ́ súwẹ́tà onírun. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá dúró de ọyẹ́, ọyẹ́ á bó o. Ìyá mi sunkún lọ́jọ́ náà.

Ara mi rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àpá ò tètè lọ, ọ̀gá ilé-ìwé sì fi dandan lé e pé n kò ní wọlé. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá mú mi lọ. Ẹ wò ó, bùbá alápá péńpé ni wọ́n wọ̀! Wọ́n gba àárín ìlú kọjá, àwọn èèyàn ń wò wọ́n, wọn ò fi gèlè bo apá. Wọ́n na apá náà sí ọ̀gá níwájú àwọn tíṣà.

“Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ kàn án. Èmi àti aládùúgbò mi jọ ń jẹ nínú àwo kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá mi sùn lórí ẹní kan. Ẹ wá wò wọ́n ní Ìbà. Ta ni mo kó o ràn nínú wọn?”

Ọ̀gá wo apá náà títí. Wọ́n fi orí ìka kàn án, lẹ́yìn náà wọ́n gbé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e. Wọ́n ní kí n wọlé. Mo ṣe ìdánwò yẹn, mo sì yege.

Ayé ti yí. Ní Òkokomáìkò tí mò ń gbé báyìí, àwọn nọ́ọ̀sì ti ń pè é ní ẹ́kísímà, wọ́n ń sọ fáwọn ìyá pé kì í ràn, pé kí wọ́n tètè máa fi ìpara pa ọmọ kí ọyẹ́ tó dé, pé tó bá ń ṣomi tàbí tó ń kẹ̀, kí wọ́n gbé e wá. Síbẹ̀, inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí ìyá tó ń da oògùn apakòkòrò sómi ìwẹ̀ ọmọ, tàbí tó ra ìpara abóra ní Ìyànà Ìbà láti fi pa ibi tó ń yún ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, mi ò tíì rí ọmọ tí wọ́n lé nílé-ìwé torí ẹ̀ láyé ìsinsìnyí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò lọ́kọ mọ́ títí wọ́n fi kú. Tí mo bá rántí, ó máa ń dùn mí: ohun tí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti àdí àgbọn ìwọ̀nba lè mú rọlẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ kó ẹrù odidi èèyàn síta.