Kókó Inú Iyán Kámpù Ìjan

Òórùn iṣu tuntun tó ń hó lórí iná aládùúgbò ló bá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Òkè-Ìlá láàárọ̀ yìí, bí ọmọ-ọmọ mi obìnrin ti ń di ẹrù rẹ̀ lọ sí kámpù àwọn èwe ìjọ, níbi tó ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti dáná. Ó ní wọn kì í gúnyán níbẹ̀ mọ́, èlùbọ́ iyán inú ọ̀rá ni wọ́n ń rò. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rán mi létí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan. Iṣu tuntun ni wọ́n fi bà mí lórúkọ jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọge, ẹni tó ṣe é sì wà láyé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ni lọ́dún náà. Bí ọlidé gígùn ti dé, a ru ẹní àti garawa, a wọkọ̀ lọ sí Ìjan, níbi tí ìjọ ti gba ilé ẹ̀kọ́ kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí fèrè bá ti dún láàárọ̀, àwọn ọmọ a máa sáré lọ síbi àdúrà tojú oorun tojú oorun, ẹlòmíràn a wọ bàtà oníbàtà. Àwa olùyọ̀ǹda-ara ti wà nídìí ààrò nígbà yẹn. Àwa mẹ́rin la máa ń yí odó ńlá ká, èmi ni mo ń dá orin, ọmọ odó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa lọ sókè sódò láìkan ara wọn.

Àǹtí Bọ́ládé, akọ̀wé ìjọba, ni olórí wa. Bírò kì í kúrò nínú irun rẹ̀, àfi bí ẹni pé ìwé ló ń sè. Lọ́jọ́ ìparí, àwọn òbí wá kó ọmọ wọn, wọ́n á sì jẹun. Ìyá Dípọ̀ wà lára wọn. Èmi àti Dípọ̀ ti ṣàdéhùn ìgbéyàwó, ìyá rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbà. Ó ní òun yóò wá fojú ara òun rí mi lẹ́nu iṣẹ́.

Iṣu èṣí kò tó. Àǹtí ra iṣu tuntun kún un ní Ọjà Ọba, ó sì da méjèèjì sínú ìkòkò kan náà. Ọmọ Èkìtì wo ni kò mọ̀ pé omi ló kún inú iṣu tuntun, pé kì í bá ti èṣí gún pọ̀?

"Àǹtí, ẹ jẹ́ á ya uṣu tuntun yìí sọ́tọ̀, á di kókó o."

"Ìwọ ọmọ àná, ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní uṣu ni?"

A gún un títí apá wa fi kú, kókó kò lọ. Alùfáà bu òkèlè àkọ́kọ́, ó tu kókó sọ́wọ́. Àǹtí dìde, ó nawọ́ sí mi níwájú gbogbo òbí: "Ọmọ yìí ló gún un. Eré ló ń bá àwọn ọkùnrin ṣe." Wọn kò kọ́ wa láti já àgbà nírọ́ níwájú alùfáà. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò ṣẹ̀. Ìyá Dípọ̀ ṣan ọwọ́, kò wojú mi. Kí oṣù náà tó parí, Dípọ̀ wá sọ fún mi pé ìyá òun kọ̀ jálẹ̀.

Mo fẹ́ ọkọ mìíràn, ọkọ rere sì ni, ṣùgbọ́n iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. N kò fi kámpù sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olórí ìdáná, mo ní Àǹtí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ odó mọ́. Iṣu ni mo ní kó máa bó, lọ́dọọdún, títí ọwọ́ fi ń yún un. Ó mọ ìdí rẹ̀, kò lè sọ ọ́. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Lónìí, méjì nínú àwa mẹ́rin ti kú, odó náà sì ti sán. Fóònù ló ń jí àwọn ọmọ dípò fèrè. Àǹtí ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń pe àwa àgbà wá síbi ìparí kámpù. N kì í jẹ́ kí wọ́n fún un ní ti inú ọ̀rá. Mo máa ń gún tirẹ̀ nílé fúnra mi, iṣu èṣí nìkan, màá kúnlẹ̀ gbé e fún un, màá sì jókòó síwájú rẹ̀ títí yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Lọ́dún tó kọjá, ó bu òkèlè, ó ní, "Ó mà kúnná."

Mo ní, "Bí mo ṣe máa ń gún un láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mà."